Wáyà Abẹ́ Pijó Alhaji

Inú odò ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti fa Pijó Alhaji Múrítàlá jáde, òkú rẹ̀ sì wà nídìí ọkọ̀ níbẹ̀. Lójú títì, kò sí ibi tí táyà gbé fà rárá. Bíréèkì kò mú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Abdulqoyum ti wà látìmọ́lé l'Ọ́yọ̀ọ́. Òun ni mẹkáníìkì Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún bíréèkì náà ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Kí la tún ń wá? Ọdún 1988 ni, sójà ló ń ṣèjọba, Alhaji sì ti ṣe ọ̀gá ńlá nínú ẹgbẹ́ ológun òfuurufú kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá tẹ́ṣàn ní tó bá di Mọ́ńdè, kóòtù yá, ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Ìsípẹ́kítọ̀ Safurat nìkan lọkàn rẹ̀ ò gbà á. Obìnrin yìí kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í gba ìsọkúsọ. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ẹnì kan ti dẹ nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì kí ọ́ìlì lè máa jò díẹ̀díẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó bo páìpù náà ṣì wà ní àyè rẹ̀ ní tiẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so nọ́ọ̀tì méjèèjì tó di irin náà mú pọ̀, wọ́n lọ́ ọ bí irun olówùú.

“Ìwọ lo so wáyà yìí?” Safurat bi Abdulqoyum.

“Wáyà kẹ̀?” Ojú rẹ̀ wú, àwọn ọmọ àdúgbò ti lù ú kí ọlọ́pàá tó dé. “Mo fi sìpánà dè é, ó parí. Ta ló ń so wáyà mọ́ nọ́ọ̀tì mọ́tò? Ẹ dákun, Màdámù, ìyàwó mi lóyún.”

Mùínàt, ìyàwó náà, ló ń pariwo níta: “Ẹ fún mi lọ́kọ mi! Gbogbo yín lẹ máa jíyìn!”

Safurat gba ilé olóògbé lọ. Marufat, opó rẹ̀, kò tiẹ̀ dáhùn ìkíni.

“Ṣé ọkọ yín máa ń fọwọ́ kan ọkọ̀ fúnra wọn?”

“Ọkọ mi? Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń bu omi sí! Ẹ lọ so apànìyàn yẹn kọ́, ẹ yé dà mí láàmú.”

“Níbo ni wọ́n ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, nílé James kan. Sájẹ́ńtì ni, àwọn ló ń tún bàálù ṣe nílẹ̀ kó tó gbéra. Ọkọ mi ló lé e níṣẹ́ lókè Ọya, nígbà tí bàálù kan já, tí ẹni tó ń wà á kú. Ó fẹ́ lọ tọrọ àforíjì kó tó lọ Mẹ́kà. Láti sọ́ọ̀bù Abdulqoyum ló ti gba ibẹ̀ lọ tààrà.”

Nígbà tí Safurat fẹ́ gbéra lọ Ògbómọ̀ṣọ́, Mùínàt ti jókòó sẹ́yìn Land Rover ọlọ́pàá, ó ní ẹni tó bá láyà kó wá fa òun sọ̀kalẹ̀. Safurat wò ó, ó ní kí dẹ́réfà máa lọ.

Ẹ̀rọ ìlọta ni James ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé. Kò ní kí wọ́n jókòó.

“Kí ló gbé ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ mi?”

Safurat bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ tí wọn ò fi wáyà so.

“Ẹ̀rọ ata rèé, kì í fò. Kí lẹ so ó fún?”

“Nọ́ọ̀tì tí a ò bá so lè tú lójú òfuurufú. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mi ò bá so ó, mi ò ní sùn.”

“Bí ẹ ṣe so ti Pijó Alhaji náà nìyẹn.”

Ọwọ́ James dúró. “Èmi kọ́. Ológun lòun náà.”

“Ọ̀gá tí kò fọwọ́ kan sìpánà rí. Mo wo àwọn ọkọ̀ yòókù tí Abdulqoyum tún ṣe, kò sí wáyà lára ìkankan. Ilé yín nìkan sì ni Pijó yẹn yà sí. Ẹ dẹ bíréèkì, ẹ dá irin padà kẹ́nikẹ́ni má fura. Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ dúró, ọwọ́ yín ò gbà fún yín, ẹ tún fi wáyà so irin náà.”

James ju sìpánà sílẹ̀. “Mo ní bàálù yẹn ò tíì ṣeé fò! Alhaji ní kó gbéra. Nígbà tó já, ó ní èmi ni mi ò tún un ṣe dáadáa. Wọ́n já àmì apá mi níwájú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́! Ó wá jókòó sí pálọ̀ mi, ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní ṣé ó máa sọ ọ́ síta pé mi ò jẹ̀bi? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí ó ti pẹ́. Ó tún ní kí n bá òun wo ọkọ̀, nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀. Ó ń kírun Àìlà lọ́wọ́, mo wọ abẹ́ ọkọ̀.”

Mùínàt ti sọ̀kalẹ̀. Ó fọwọ́ di ikùn mú, ó dúró níwájú rẹ̀.

“Baba, ẹ gbọ́ pé wọ́n ti mú ọkọ mi?”

“Mo gbọ́.”

“Ìgbà wo lẹ gbọ́?”

“Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un.”

“Ẹ wá ń tún ẹ̀rọ ata ṣe.” Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́. “Ohun tí Alhaji ṣe fún yín gan-an lẹ ṣe fún ọkọ mi.”

James na ọwọ́ méjèèjì sí Safurat fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò jẹ́ kójú òun àti ti Mùínàt ṣe mẹ́rin mọ́.

Mùínàt tutọ́ sílẹ̀, ó kọjú sọ́nà. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màdámù. Ọkọ mi ò tíì jẹun.”