Ìlà Mẹ́ta Lórí Kádíbọ́ọ̀dù Kan

"Kúbúrá, gbé agbọ̀n rẹ kúrò níwájú ilé mi! Máńgòrò rẹ ló ń pa wá lọ́mọ!"

Bàbá Àjàyí, onílé kan ní Àpáta, ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ ní Méè ọdún 1983. Ìgbẹ́ gbuuru ti dá ọmọ-ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Haba, Bàbá! Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́ lánàá, omi rẹ̀ ṣì wà nírùngbọ̀n yín." Kúbúrá ló dáhùn bẹ́ẹ̀, ó di agbọ̀n rẹ̀ mú. Opó ni, máńgòrò tó ń tà ló fi ń bọ́ ọmọ.

Ọkàn Morónkẹ́, nọ́ọ̀sì àdúgbò, gbọgbẹ́. Òun ló ya àwòrán onílà mẹ́ta sára ògiri ilé ìwòsàn, láti fi bí nǹkan ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lóṣooṣù lọ́dún tó kọjá hàn: ti máńgòrò, ti àìsàn, ti òjò. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kọjú síra, ti òjò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Méjì yẹn nìkan ni Bàbá rí níbẹ̀ tó fi dájọ́!

"Wọn ò ní lé Kúbúrá," ó wí fún Olúsọjí, tíṣà ará Èkìtì tó máa ń wò ó bí ẹni ń wo òṣùpá.

"Da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, Morónkẹ́ mi. Kí oṣù wọn bá ara mu, kí àwọ̀ ìlà yàtọ̀."

"Ta ni 'mi'? Mú kádíbọ́ọ̀dù wá."

Nígbà tí Morónkẹ́ yà á tán, òun àti Kúbúrá gbé e lọ bá Bàbá.

"Ẹ wo ìlà aláwọ̀ ewé: máńgòrò dé ní Máàṣì. Pupa ni àìsàn. Ṣé ó gbéra?"

"Rárá. Ó sùn gbalaja."

"Ìlà aláró, ti òjò, ńkọ́?"

Bàbá fi ìka tọ̀ ọ́. "Òjò gòkè… pupa náà gòkè. Máńgòrò tán ní Júùnù, pupa ò sọ̀kalẹ̀! Kí ni òjò ń ṣe wá?"

"Ó ń gbá ìdọ̀tí ṣáláńgá sínú kànga yín. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ láìmọ ọ́n sókè, ẹ ní kó lè rọrùn láti fa omi."

Bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Kúbúrá, jókòó. Èmi ni mo ṣi ẹjọ́ rẹ dá."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá po sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ láti mọ ẹnu kànga sókè. Olúsọjí ń ru bíríkì, aṣọ funfun rẹ̀ di ẹrẹ̀. Morónkẹ́ bá a ru bíríkì tó kù.

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ohun kan ṣoṣo dá àìsàn lẹ́jọ́. Ẹ wo òjò, kànga àti ṣáláńgá pọ̀. Ẹ mọ ẹnu kànga sókè, ẹ bò ó, ẹ se omi mímu kó hó, ẹ fọ èso kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó lé oníṣòwò lọ, tó fi kànga sílẹ̀ láìbò, kò tíì lé ikú.