Ẹni Tó Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, Ańkù Ramesh pa ètè dé. Nígbà tí Ọláníkẹ́ gba ṣíbí yẹn, ṣíbí kan náà, ìrẹsì kan náà, bàbá la ẹnu, ó jẹ, ó gbé e mì, ó tún la ẹnu. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Àǹtí Sudha, ìyàwó rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló fi oore sí ọwọ́ Ọláníkẹ́. Ọláníkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, torí ó mọ ohun tí òun ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Ongar, àdúgbò kan nílùú òyìnbó, ni ìdílé Ọláníkẹ́ àti ìdílé Ańkù ń gbé, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ará Íńdíà ni Ańkù Ramesh àti Àǹtí Sudha, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan dí Ańkù lọ́fun. Kò dùn ún, kò wú, ọ̀nà ọ̀fun kàn kọ̀ kò gba oúnjẹ mọ́ ni. Odindi oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi rọ́bà bọ́ ọ, àwọn dókítà ò sì rí ìdí ẹ̀. Àǹtí Sudha bá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run wọn pé bí ọkọ òun bá tún lè jẹun, òun á se oúnjẹ ọpẹ́ lọ sí tẹ́ḿpìlì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Ańkù ní kí wọ́n fún òun ní tíì.

Ó ku ọ̀la tí wọn yóò ṣe ọpẹ́ ni yìnyín gbé Àǹtí ṣubú ní ibùdókọ̀ ojú irin Clonsilla, ọrùn ọwọ́ òsì kán, kò lè gbé ìkòkò. Ta ni yóò se oúnjẹ? Ọláníkẹ́ náà ni, ẹni tó ń dáná ní ilé oúnjẹ kan ní Swords, tí àwọn èèyàn ń lá ìka lẹ́yìn ọbẹ̀ rẹ̀.

"Àbúrò mi, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún," ni Àǹtí wí. "Má tọ́ ọ wò. Ọlọ́run ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ọláníkẹ́ ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń dáná, ẹ sọ òótọ́: ta nínú yín ló ń sọ ìkòkò kalẹ̀ láìkán an sí àtẹ́lẹwọ́ lá? Wọn ò kọ́ wa, ọwọ́ ìyá wa la ti rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú ilé ìdáná Àǹtí, ó ń ro ìrẹsì tó fi mílíìkì àti ṣúgà sè, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sí ibi iṣẹ́. Kó tó mọ̀, ó ti kán an sí àtẹ́lẹwọ́, ó ti lá a. Ó dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tí Àǹtí sọ. Kí ni ì bá ṣe, kó da gbogbo ìkòkò nù? Ó nu ọwọ́ nù, ó dákẹ́.

Túnbọ̀sún ọkọ rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé wọn lọ sí tẹ́ḿpìlì. Wọ́n to àwo oúnjẹ síwájú ère, àlùfáà fa kọ́tìnì bò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo Ọlọ́run lẹ́nu níbi tó ti ń jẹun. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo èèyàn di ojú. Ìgbà yẹn ni nǹkan gbígbóná kún Ọláníkẹ́ lẹ́nu. Ìrẹsì ni. Lẹ́yìn ìrẹsì, ẹ̀wà aláta. Lẹ́yìn ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ olóyin. Ó pa ètè dé, síbẹ̀ oúnjẹ ń wọlé.

Túnbọ̀sún fara kàn án. "Kí lò ń jẹ?" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ẹnu ẹ ń lọ, Ọláníkẹ́. Mò ń wò ọ́."

Nígbà tí kọ́tìnì fi máa ṣí, Ọláníkẹ́ ti yó débi pé ó gùnfẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀ ju ẹ̀kán kan yẹn lọ. Lọ́jọ́ kejì ni Ańkù kọ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀; kódà bó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ú, kò lè gbé e mì, àfi èyí tí Ọláníkẹ́ bá fún un.

Ní ọjọ́ karùn-ún, bí Ọláníkẹ́ ṣe bọ́ ọ tán, bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kàn án lẹ́sẹ̀. Bàbá tó tó bí i lọ́mọ! Ọláníkẹ́ fò sẹ́yìn. "Háà! Ańkù, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ gbà mí," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. Kò wo ojú rẹ̀, òkè orí rẹ̀ ló ń wò. "Ẹ ṣé. Ẹ má fi mí sílẹ̀."

Ọláníkẹ́ sáré délé, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀. "Lọ jẹ́wọ́," ni Túnbọ̀sún wí. "Bó o bá dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́la, ta ni yóò bọ́ bàbá? Ẹ̀mí èèyàn ni o. Má jẹ̀ẹ́ kó kú sí ọ lọ́rùn."

Ó lọ. Àǹtí Sudha sunkún, kò bú u. Ó mú un lọ bá àlùfáà, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Ọlọ́run wa ò bínú," ni àlùfáà wí. "Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gba àìsàn kúrò lára èèyàn, ọwọ́ ẹni yẹn ni àìsàn náà wà. Ọlọ́run lè gbé e. Ìwọ ńkọ́?"

Ọláníkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ gbà á padà lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"A lè gba ọpẹ́ padà. Tún oúnjẹ náà se. Èyí tó kù, mi ò mọ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó fi gèlè di ẹnu, ó fi nylon wé ọwọ́ òsì, ó se oúnjẹ náà láìtọ́ ọ wò. Wọ́n fa kọ́tìnì. Agogo dún. Ọláníkẹ́ dúró, ó ń retí, ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tí kọ́tìnì ṣí, Àǹtí Sudha bu ìrẹsì sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ọkọ gbé e mì. Àǹtí figbe ayọ̀ ta. Ọláníkẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Túnbọ̀sún gbé àwo Ọláníkẹ́ wá. "Jẹun, ìyàwó mi. Ó ti tán."

Ó bu ìrẹsì sẹ́nu. Ó dùn. Ó jẹ ẹ́ kúnná, ó fẹ́ gbé e mì, ọ̀fun kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Kò dùn ún, kò há, ọ̀nà kàn ti dí ni. Túnbọ̀sún ti bá àlùfáà lọ gbé ìkòkò, Àǹtí ń pín oúnjẹ fún àwọn èèyàn. Ańkù Ramesh nìkan ló rí i. Ó gbé àwo rẹ̀ wá, ó jókòó tì í, ó sún ẹnu mọ́ ọn létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ ní àìsàn yìí," ni bàbá wí. "Ara rẹ̀ yá, ó se oúnjẹ ọpẹ́, mo fi ìka kàn án lá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọláníkẹ́ fẹ́ kígbe, ìrẹsì kún un lẹ́nu.

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ tó o kọ́kọ́ se é," ni bàbá wí. "Mo rí ọ nígbà tó o lá a. Mo sì dákẹ́."

Ó bu ìrẹsì mìíràn, ó ń jẹun lọ.