Ìwọ̀ Méjì Lẹ́nu Àrọ̀

Odò Ọ̀sẹ̀ kò dún lọ́jọ́ náà. Omi ń ṣàn, ewé ń bá a lọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi ìka ro etí mi, mo tún un ro. Kùrukùru ọyẹ́ ti bo òdìkejì, funfun báláú.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ ọ?" Theresa ló bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìdí ọkọ̀, níbi tó ti ń fi àjẹ̀ tukọ̀.

Theresa ni ìyàwó Akínyẹlé, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà òjò èṣín ni odò yìí gbé Akínyẹlé lọ. Gbogbo Ìdógùn, ìlú wa, bá wa wá òkú rẹ̀, a ò rí i. Bí a ti ń sunkún, Theresa ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́, ó ní ó ń bọ̀. Mo bá a nínú odò lẹ́ẹ̀kan, omi ti mù ún dé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èmi ni mo ní kí a ṣe Máàsì òkú fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, kí obìnrin yìí lè gbà pé ọkọ rẹ̀ ti kú, kí odò má baà gbé òun náà lọ. Ẹja tí a máa fi ṣe àlejò la wá pa lọ́jọ́ náà. Èmi kọ́ ni mo ní kó tẹ̀ lé mi o. Ẹ gbìyànjú kí ẹ dá Theresa dúró wò!

Okùn ìwọ̀ mi fà. Ó fà débi pé ọkọ̀ yí imú padà. Mo fà á wọnú ọkọ̀: àrọ̀ ni, ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo la ẹnu rẹ̀. Ìwọ̀ mi wà níbẹ̀. Ìwọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òwú pupa tí Akínyẹlé máa ń wé mọ́ tirẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Yéè!

Lọ́dọ̀ wa, ẹja tó bá ti ní ìwọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu kì í ṣe ti ẹni tó fà á sókè. Onítọ̀hún á kígbe bèèrè ẹni tó ni ìwọ̀ kejì. Bí ẹni náà bá dáhùn, á gba ẹja rẹ̀, á sì fúnra rẹ̀ dá ìwọ̀ ẹni tó bá a fà á padà sí ilé onítọ̀hún kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Ẹ bèèrè," ni Theresa wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìyàwó, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ bèèrè, ọkọ mi."

Mo bèèrè, kí òun náà lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. "Ta ló ni ìwọ̀ o?"

Ohùn kan dáhùn nínú kùrukùru, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Èmi ni."

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Theresa ti ń yí ọkọ̀ sọ́hùn-ún, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn, mo ti ẹja padà sómi. Mo ní kí Akínyẹlé gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kó fi wá sílẹ̀. Mo já àjẹ̀ gbà, mo sì tukọ̀ wálé bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Nígbà tí a délé, Theresa kò bínú. Ó wẹ̀, ó para, ó bu oúnjẹ sílẹ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́.

"Ẹja ti padà sómi, ìyàwó. Ó ti parí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkọ mi, ìwọ̀ tiyín dà?"

Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo di rósárì mú. Bóyá mo sùn ni o, n kò mọ̀. Mo ṣáà gbọ́ odò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, odò tí kò dún lọ́sàn-án.

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo lajú. Omi ń kán lára ìwọ̀ mi lórí ìṣó tí Akínyẹlé máa ń gbé tirẹ̀ kọ́. Abọ́ oúnjẹ ti ṣófo. Yàrá Theresa ṣí sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tútù ẹnì kan wọlé, ti ẹni méjì jáde.

Mo sáré dé etí odò. Mo kígbe títí ọ̀fun mi fi gbẹ. "Theresa! Ta ló wà níbẹ̀ o?"

Ó dá mi lóhùn láti inú kùrukùru, tayọ̀tayọ̀.

"Àwa ni."