Àṣẹ Tí A Tilẹ̀kùn Pa

Ìyá Nusaibah, obìnrin tó ń ká ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Díákónì Ọládiméjì ní Fọlá Àgòrò, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ìṣojú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Ó sì jẹ́ ẹni tí kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Jímọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, òórùn tádàwà àti kẹrosíìnì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀ ti garawa omi kan, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lókè orí rẹ̀, lára ògiri, ni Díákónì fi ẹfun kọ òfin ṣọ́ọ̀bù sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́:

ÌWÉ ÌDÁNWÒ: MÁ MÚ. MÁ KÀ. MÁ SỌ.

Òfin yìí kì í ṣe eré. Bí ilé ìwé kan bá gbé ìbéèrè ìdánwò wá fún títẹ̀, wọn kì í sọ èyí tó bá bàjẹ́ sí ààtàn. Wọn á kà á mọ́ èyí tó dára, kí iye rẹ̀ lè bá iye ìwé tó wọ inú ẹ̀rọ mu. Lẹ́yìn náà, wọn á fa èyí tó bàjẹ́ ya, wọn á rì í sínú omi títí yóò fi rọ̀ bíi gààrí tó ti pẹ́ nínú àwo. Nítorí òfin yìí ni àwọn ilé ìwé ṣe fọkàn tán Díákónì.

"Ó dín ẹyọ kan," ni Ìyá Nusaibah wí.

"Ẹ jẹ́ n tún un kà, Màmá."

"Kà á, ọmọ mi. Ìwọ tó o mọ ìṣirò ju ẹ̀rọ lọ."

Mojí tún un kà. Ẹyọ kan ṣì dín. Ìwé ìdánwò ìgbéga ti ilé ìwé Mojí fúnra rẹ̀, ní Onípànù, ni.

Díákónì ń fi àkísà nu ọwọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ẹ fi sílẹ̀," ni ó wí, "mo ti rí i."

Ìyá Nusaibah gbójú sókè. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti ń bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, kò sì gbọ́ "ẹ fi sílẹ̀" lẹ́nu rẹ̀ rí lórí ìwé ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Mojí ni Díákónì. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti mú un wá sí Èkó nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó sì fi í sí ilé ìwé kan náà pẹ̀lú Adéjìmí, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Kò yà wọ́n sọ́tọ̀ rí. Bí ó bá ra bàtà fún Adéjìmí, ó ti ra ti Mojí nìyẹn. "Dádì" ni àwọn méjèèjì ń pè é. Àmọ́ bí orí Mojí ṣe jí pépé sí ìwé tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe ń sá fún Adéjìmí. Ó ti tún kíláàsì ṣe lẹ́ẹ̀kan. Àwọn aláṣẹ ilé ìwé sì ti sọ ọ́ gbangba: bí ó bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìgbéga yìí, kí ó wá ilé ìwé mìíràn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nínú ilé wọn ní Ladi-Lak, Díákónì pe Mojí sí pálọ̀.

"Wọlé. Tilẹ̀kùn."

Adéjìmí jókòó ti tábìlì, ó ń jẹ ìdí báírò. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀. Tádàwà ti ba igun rẹ̀ kan jẹ́, ṣùgbọ́n ìyókù ṣeé kà. Ìbéèrè Ìṣirò ni.

"Ìbéèrè ti dé, ìdáhùn ló kù," ni Adéjìmí wí, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Látàárọ̀ ni mo ti ń wò ó, òun náà ń wò mí."

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Díákónì wí. "Mojí, jókòó. Bá a ṣe é, kó há a sórí."

Kí Mojí tó gbójú kúrò, ó ti rí i pé wọ́n ya òbìrípo roboto kan sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Òbìrípo ló kó bá a ní sáà tó kọjá, tí Wonder, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi máàkì méjì péré gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohùn kan nínú rẹ̀ sọ pé: wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ló ní kí o wò ó, ta ni yóò bi ọ́? Ó yíjú sí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó sì kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dojú ìwé yẹn dé."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kí n bá Adéjìmí ṣe é, sà."

"Ta ni mo jẹ́ sí ẹ?"

"Bàbá mi ni yín."

"Kí ni òfin karùn-ún wí?"

"Ó ní kí n bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá mi."

"Ó ti tán àbí kò tán?"

"Ó ku ìkẹjọ, sà. Èyí tó ní ká má jalè." Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní méjèèjì."

Nígbà tí Díákónì máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo ṣèlérí fún ìyá Adéjìmí kó tó kú. Mo ní yunifásítì ló máa lọ. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lé e ni?"

"Mo lè máa kọ́ ọ, sà. Láti òní lọ."

"Ìdánwò tó ku ọjọ́ mẹ́rin!" Ó gbá tábìlì. "Ó dáa. Ẹni tí kò lè gbọ́ràn sí mi lẹ́nu kò lè gbé ilé mi. Kó ẹrù ẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wàá padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ìwé tó o kà náà ti tó."

Mojí dìde. "Mo ti gbọ́, sà."

Díákónì ti rán an níṣẹ́ láàárọ̀ pé kí ó lọ gba ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò lo ìbínú láti pa iṣẹ́ náà tì. Ó rìn láti Ladi-Lak dé Fọlá Àgòrò, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ìyá Nusaibah ń fi egungun pẹlẹbẹ kan tẹ ojú ibi tí ó ti ká ìwé.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà sílé."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀?"

"Mo kọ iṣẹ́ kan tí Dádì rán mi ni."

Ìyá Nusaibah dáwọ́ dúró. "Ìwé tó dín yẹn ni?"

Mojí wolẹ̀. Ìyá àgbà náà mi orí. "Mi ò bi ẹ́ mọ́. Má tú àṣírí ẹni tó tọ́ ẹ níwájú mi. Ṣùgbọ́n gbọ́. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti bí mi, bàbá mi máa ń sọ pé àṣẹ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tilẹ̀kùn kí wọ́n tó pa á, kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Àṣẹ tó dáa kì í sá fún ojú pópó. Ẹ̀sìn tiwa náà sọ ọ́: a kì í tìtorí ẹ̀dá ṣẹ Ẹlẹ́dàá."

"Ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ mi, Màmá. Òun ló rán mi lọ síléèwé. Ṣé kò ní dà bíi pé mo ya aláìmoore?"

"Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èyí tó burú nínú àṣẹ rẹ̀, o ò ní ṣe é. Èyí tó kù tó dáa, ṣe é ju bó o ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Kó má baà rí i pé ìyájú ni."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Mojí ṣe. Nígbà tí ó padà délé, ó lọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí Díákónì yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ̀ ọ́ débi pé eṣinṣin lè yọ̀ ṣubú lára rẹ̀. Ó se oúnjẹ. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Lẹ́yìn náà ni ó mú ìwé Ìṣirò wọn tí wọ́n ń lò ní kíláàsì, ó jókòó ti Adéjìmí ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé torí mi ni wọ́n ṣe ń lé ẹ lọ?" ni Adéjìmí bi í.

"Ṣí ojú ìwé kẹrìnlá."

"Mojí, mo bi ẹ́ ní nǹkan kan."

"Èmi náà ní kó o ṣí ojú ìwé kẹrìnlá. Ta ló kọ́kọ́ pàṣẹ?"

Adéjìmí rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí i. Láti ojú fèrèsé ni Díákónì ti ń wò wọ́n.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Díákónì ló ń kọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà wà nínú ètò tí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ìgbọ́ràn. Mojí ló máa ń ka Bíbélì fún kíláàsì, nítorí náà òun náà ni wọ́n ní kí ó kà á. Ó dìde, ó ka ibi tí Pọ́ọ̀lù ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbọ́ ti àwọn òbí wọn nínú Olúwa. Ó kà á bó ṣe máa ń kàwé, láìgbé ohùn sókè níbì kan. Ó jókòó.

Ìtùnú, ọmọbìnrin ẹlẹ́nu ṣoṣoro kan, nawọ́ sókè. "Sà, kí ló dé tí wọ́n fi 'nínú Olúwa' sí i? Ṣé kò tó kí wọ́n kàn ní ká gbọ́ràn ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni Díákónì ti ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ wà ní ṣónṣó ahọ́n. Ó la ẹnu. Ojú rẹ̀ bá lọ sọ́dọ̀ Mojí. Mojí kò wò ó, inú Bíbélì ni ojú ọmọ náà wà, bí ẹni tó ń ṣọ́ra kó má baà dójú ti bàbá rẹ̀.

"Torí pé..." Díákónì dá ọ̀rọ̀ dúró. "Torí pé òbí náà ní Ẹni tó yẹ kó máa gbọ́ràn sí. Níbi tó bá ti yẹsẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ẹni yẹn, àṣẹ rẹ̀ parí síbẹ̀."

"Ṣé ọmọ wá lè kọ̀ fún un, sà?"

Díákónì fi áńkáṣífù nu iwájú orí. "Ó lè kọ̀. Kó kúnlẹ̀ kọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ó lè kọ̀ nìkan, ó gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ ni." Ó jókòó, kò sì lè parí ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé gbogbo nǹkan dùn bí oyin lẹ́yìn ìyẹn. Rárá o. Ìyá Nusaibah sọ ibi tó já sí fún mi. Ilé ìwé náà yí gbogbo ìbéèrè ìdánwò padà, wọ́n sì gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ Díákónì fún odidi ọdún kan. Adéjìmí yege nínú Ìṣirò pẹ̀lú agbára káká, ó fìdí rẹmi nínú Físíìsì, wọ́n sì fún un láyè láti tún ìdánwò yẹn ṣe. Mojí gba ipò kejì. Wonder ló tún ṣe ìkíní. Ṣùgbọ́n Mojí mọ̀ pé tòun ni máàkì òun, kò sí ẹni tó lè bi í bó ṣe rí i.

Ìgbọ́ràn dára, òun ni ó ń gbé ọmọ ga. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kí o ṣe ibi, ì báà jẹ́ òbí, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ti kọjá ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ. Kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má sì fi kíkọ̀ ọ́ ṣe àwáwí láti pa iṣẹ́ rere tì.

Ohun tí Ìyá Nusaibah kò lè gbàgbé ni àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Mojí ti gbé báàgì rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù láti wá dágbére, Adéjìmí sì tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ pọ́n. Díákónì wọlé bá wọn. Ó gba báàgì náà lọ́wọ́ Mojí, ó gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu sí ojú títì. Ó mú ẹfun, ó nàgà, ó sì kọ òfin kẹrin sábẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́:

MÁ RÁN ỌMỌ.

"Dádì, níbo lẹ̀ ń lọ?" ni Adéjìmí bi í.

"Onípànù. Mo fẹ́ lọ rí ọ̀gá iléèwé yín."

"Wọ́n á gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ yín o, Díákónì," ni Ìyá Nusaibah wí.

"Ó yẹ kí wọ́n gbà á."

Ó mú ìwé tí tádàwà ba igun rẹ̀ jẹ́ náà, ó dì í mú sí gbangba, láìfi í sínú àpò, láìká a, ó sì bọ́ sójú títì nínú bùbá funfun tí Mojí lọ̀. Àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò wẹ̀yìn.