Alùpùpù Méjì ní Ládìpọ̀

Bàtà rẹ̀ ni Lydia kọ́kọ́ rí. Bàtà aláwọ dúdú méjì ni, wọ́n yọ síta lábẹ́ dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Yábàá, bí ẹni pé ẹnìkan lọ sùn síbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán Sátidé gba ojú fèrèsé aláràbarà wọlé, ó tàn sórí wọn, ó sì hàn kedere pé àtẹ́lẹ̀ bàtà òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ. Ẹlòmíràn ì bá má kíyè sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Lydia ń ṣe ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì ni láti máa kọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kán bí wọn yóò ṣe tún máa rìn. Kò tíì rí ojú ọkùnrin náà tó fi mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kán rí, àti pé ó kúrú ju èkejì lọ.

"Ta nìyẹn?" ohùn kan béèrè láti abẹ́ dùùrù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí tó wà láàárín gan-an. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò o."

Lydia ti tètè dé fún ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ni. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde rí jákujàku bí igbe ewúrẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ó ń tọ́, ó ń mọ́, títí ó fi jáde gaara. Ọkùnrin náà ní kó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, àti òmíràn, àti òmíràn. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jọ ṣiṣẹ́ pẹ́, tí ẹnìkan kò rí ojú ẹnìkejì.

Nígbà tó rá jáde, eruku kún irun rẹ̀. Ó wo Lydia, ó fọwọ́ nu ojú. "Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn màmá ẹgbẹ́ akọrin ni mo ń rán níṣẹ́."

"Èmi náà rò pé ẹni tó wà lábẹ́ yẹn ti gbàgbé pé ìka máa ń ro èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. Oyèníran ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ títún dùùrù ṣe ló ń ṣe, láti Èkó dé Ìjẹ̀bú, láti Oǹdó dé Ìlẹ̀ṣà, níbikíbi tí ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì bá ti ní dùùrù tó ti ń ṣàìsàn. Yàrá kan ló háyà ní Ìwáyà, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń gbé òórùn ẹja yíyan wá láti Makoko.

Dùùrù náà ti ń kọrin dáadáa láti ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ Oyèníran kò yé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó ṣe, olórí akọrin bi í bóyá àrùn tó ń ṣe dùùrù náà kò gbóògùn ni. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ìdánrawò bá ti parí, Oyèníran àti Lydia á jọ fẹsẹ̀ rìn títí dé ibi tí Lydia yóò ti wọ ọkọ̀ lọ sí Sùúrùlérè, níbi tó ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Oyèníran dúró lójijì lójú ọ̀nà. Ó ní láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òun ti kán, ńṣe ni àwọn èèyàn máa ń ṣíwájú òun, kí wọ́n tó wá dúró de òun. "Ìwọ kì í dúró dè mí," ó wí. "Ò ń bá mi rìn ni." Ní alẹ́ ọjọ́ náà, iyọ̀ pọ̀ jù nínú oúnjẹ tí Lydia bù fún bàbá rẹ̀, Alàgbà Akínọlá sì jẹ ẹ́ tán láìsọ nǹkan kan. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó mọ ìgbà tí ọkàn ọmọ kò sí nínú kíláàsì.

Ọdún náà ni agbára náírà ń já wálẹ̀ bí omi òrùlé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti di ohun tí òṣìṣẹ́ ń fi ojú wò lásán. Ọkọ̀ èrò ni Oyèníran fi ń rìn, tòun ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lórí itan. Nígbà tó rí owó díẹ̀ kó jọ, ó ní alùpùpù tòkúnbọ̀ lòun máa rà. Àlájà Lateefat, opó kan tó ń bójú tó ìsọ̀ alùpùpù ọkọ rẹ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, ya méjì sọ́tọ̀ fún un kó wá mú ọ̀kan. Òun àti Lydia ló jọ lọ wò wọ́n.

Èkíní ga, ó sì wúwo, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga pálọ̀. Ó ní gíláàsì ńlá níwájú tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, ó ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ibi tí ẹni ẹ̀yìn yóò fẹ̀yìn tì sì wà níbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Èkejì pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ga. Ẹni tó bá gùn ún á tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òun náà lè rìnnà jíjìn, ṣùgbọ́n àpótí kan ṣoṣo ló gbà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ lu àyà ẹni.

Èyí tó wúwo ni ọkàn Oyèníran fà sí. Ó gùn ún níwájú ìsọ̀, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ti ọmọ tí wọ́n dáṣọ ọdún fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Lydia ń wò ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ti òsì, orí ìka lásán ló fi kan ilẹ̀.

Ó rí i, ó sì dákẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláìsàn, ohùn rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe aláìsàn rẹ̀.

Àlájà gbà kí Oyèníran gbé alùpùpù ńlá náà lọ dán an wò kó tó sanwó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé e lọ sí Sùúrùlérè láti lọ kí Alàgbà Akínọlá. Bàbá náà àti Lydia ti jáde sí iwájú ilé. Oyèníran dúró lẹ́nu géètì, ó sọ ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí apá gọ́tà. Ẹsẹ̀ náà yẹ̀. Alùpùpù náà kò já lulẹ̀ o. Ńṣe ló rọra ń wó bíi màlúù tó fẹ́ dùbúlẹ̀, tó sì ń tẹ ẹni tó gùn ún lọ sílẹ̀. Oyèníran gbìyànjú láti gbé e dìde, kò lè gbé e. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tó yá, Alàgbà ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ké sí aládùúgbò kan, àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé e dìde, tí gbogbo wọn ń mí hẹlẹ.

Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n Oyèníran kò jókòó pẹ́. Nígbà tó lọ tán ni Alàgbà tó sọ̀rọ̀.

"N kò sọ pé kì í ṣe èèyàn rere. Ṣùgbọ́n mo ti sin ìyá rẹ, Lydia. Mo mọ bí ilé ṣe ń rí lẹ́yìn ìsìnkú. N kò ní fi ọwọ́ ara mi fà ọ́ fún ẹni tí ohun tó ń gùn yóò sọ ọ́ di opó."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Oyèníran kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lydia ro ọ̀rọ̀ náà títí, kò lè mú un mọ́ra. Bó ṣe kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, Ìwáyà ló gbà lọ. Ó bá a níwájú ilé, ó ń fi ayùn kékeré rẹ́ igi dùùrù kan. Oyèníran kò gbójú sókè. Ó ní òun máa sanwó alùpùpù ńlá náà láàárín ọ̀sẹ̀, àti pé tóun bá ti ń gùn ún déédéé, ẹsẹ̀ á lágbára sí i. Lydia bi í pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyíinì.

Oyèníran gbé ayùn kalẹ̀.

"Èyí tó fúyẹ́ ni mo fi gbé Ṣùbòmí."

Àbúrò rẹ̀ ni Ṣùbòmí. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ní Ṣágámù ni wọ́n ń lọ fún ọdún Kérésì, òun ló ń wà á, àbúrò jókòó sẹ́yìn. Tírélà kan sáré kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tì wọ́n kúrò lójú títì. Ẹsẹ̀ òun kán. Ṣùbòmí kò jí mọ́. Ìyá wọn ti ń gbọ́únjẹ sílẹ̀ de ẹni méjì. Láti ìgbà náà, òun ti búra pé òun kò ní gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn mọ́. "Ká ní ó wúwo ni," ó wí, "afẹ́fẹ́ yẹn kì bá tì wá."

Lydia jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ti yẹ kó sọ.

"Oyèníran, ẹsẹ̀ rẹ kò ní lágbára ju báyìí lọ. Mo ti rí i láti ọjọ́ tá a lọ sí Ládìpọ̀. Inú rẹ ń dùn, n kò fẹ́ bà á jẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n dákẹ́. Èyí tó wúwo yẹn lè má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tì ọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í wà lórí eré títí. Gbogbo ibi tó o bá ti dúró ni yóò ti máa wó lù ọ́."

"Arọ ni mí nìyẹn."

"Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ni ọ́. Mo sì fẹ́ràn rẹ tòun ti ẹsẹ̀ náà. Irọ́ tó ò ń pa fún un ni n kò lè fẹ́."

Oyèníran ní kó máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò sin ín dé títì. Lydia dá rìn kọjá láàárín àwọn obìnrin tó ń kó ẹja wọlé, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kí òun ti pàdánù rẹ̀.

Àlájà Lateefat ló padà ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn fún un. Oyèníran wá sí ìsọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó dá alùpùpù ńlá padà. Ó gun pupa, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀, ó rọra dá alùpùpù náà dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, òun nìkan sì gbé e dìde. Ó tún dá a dùbúlẹ̀, ó tún gbé e dìde. Àlájà rò pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú. Oyèníran ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ohun tí òun kò bá lè gbé dìde bó bá ṣubú, kì í ṣe ti òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dé Sùúrùlérè. Lydia wà ní ilé ìdáná, ó sì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tí kò mọ̀. Oyèníran dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà. Bàbá náà wo alùpùpù pupa tó dúró ṣánṣán lẹ́nu géètì.

"Ìwọ lo yan èyí?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n Lydia ló sọ òótọ́ fún mi, mo sì bínú sí i. Mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ohun kan wà tí kò yẹ kí n fi pa mọ́ fún yín, sà." Ló bá sọ ti Ṣùbòmí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìgbe ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Alàgbà ní òun ti kọ́ ọmọkùnrin tó pọ̀ láyé òun. Àwọn tó mọ̀wé pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí wọ́n bá bá wọn wí, tí wọ́n bínú, tí wọ́n sì tún padà wá gbà pé òótọ́ ni, wọn kò pọ̀. "N kò lè fi ọwọ́ dí ọ̀nà ikú," ó wí. "Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ìyá Lydia, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n mo lè mọ ẹni tí mo fi ọmọ mi lé lọ́wọ́."

Ó ké sí Lydia. Ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣì tutù fún omi. Oyèníran béèrè bóyá yóò fẹ́ òun, Lydia sì dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ní kó tún un sọ, kí ẹni tó kẹ́yìn kíláàsì lè gbọ́.

Sátidé lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Yábàá. Ìyá Oyèníran wá láti Ṣágámù, ó gbàdúrà fún wọn, ó sì fi ọkọ̀ èrò padà lọ sílé. Tọkọtaya náà háyà yàrá méjì ní Yábàá. Oyèníran ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n kò gbé ìyàwó rẹ̀ rí. Lydia kò sì bi í.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Oyèníran ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun. Nígbà tó máa jáde, ó bá Lydia lórí ìjókòó ẹ̀yìn alùpùpù, ó ti dé akoto, ó ti di okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Oyèníran dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ayọ̀ mi," ó wí, "ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà. Jẹ́ ká rọra lọ."

Wọ́n rọra lọ. Nígbà tí wọ́n kọjá níbi tí Ṣùbòmí ti ṣubú, ẹ̀yìn Oyèníran le gbagidi, Lydia sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Tírélà kan ń bọ̀ níwájú, ó kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mì wọ́n. Alùpùpù náà gbọ̀n, ó sì ń lọ.

Ìyá Oyèníran jókòó síwájú ilé ní Ṣágámù, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Lydia ṣí akoto rẹ̀.

Obìnrin náà dìde, èèpo ẹ̀gúsí sì dà sílẹ̀ láti orí itan rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."