Yàrà Gbádérọ̀

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí Gbádérọ̀ fo yàrà. Ogun Ìbàdàn ti dó ti ìlú olódi kan láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbin ọkà títí ọkà fi gbẹ, wọn ò sì rí ìlú náà wọ̀. Odi ibẹ̀ ò ga púpọ̀. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí odi ká ni ìṣòro: ó fẹ̀, ó jìn, omi pupa sì kún inú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìbàdàn tò sí ẹ̀gbẹ́ oko, tírà wà lára ẹ̀wù ogun wọn, láwàní funfun wà lórí àwọn tó ń kírun nínú wọn, gàárì tí wọ́n fi awọ pupa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sì wà lẹ́yìn ẹṣin wọn. Wọ́n rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹwà kì í fo yàrà.

Balógun jókòó lábẹ́ igi, ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Ta ni yóò kọ́kọ́ kọjá?"

Gbádérọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, tó sì dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kì í ṣe ìjòyè, kì í sì í ṣe ọmọ ìjòyè. Ọmọ àgbẹ̀ kan ni láti ọ̀nà Agbowó, níbi tó jẹ́ igbó kìjikìji nígbà náà.

"Kí ẹ̀mí yín ó gùn, Balógun. Bí ẹ bá yọ̀ǹda, èmi ni."

"Yàrà yìí ti gbé ẹni tó jù ọ́ lọ mì."

"Ẹni tó jù mí lọ kọ́ ló ń lọ lónìí, Balógun. Èmi ni mò ń lọ."

Ó gun ẹṣin rẹ̀, ó fi kẹ́sẹ́ gún un níkùn, ó di eré. Ẹṣin gbéra nílẹ̀, ó sì balẹ̀ sí òdìkejì. Àwọn tó kù rọ́ tẹ̀ lé e, nígbà tí oòrùn yóò fi wọ̀, ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé Gbádérọ̀ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe máa ń kì í nìyí:

Ọmọ Gbádérọ̀, ọmọ afẹṣin-fo-yàrà,
Yàrà tó dá ogun dúró kò dá bàbá yín dúró.
Ó fò ó tán, ó wẹ̀yìn wò,
Ó ní kí ẹni tó kù lẹ́yìn máa bọ̀.

Ayé yí. Igbó Agbowó di ilé, ilé di họ́sítẹ́ẹ̀lì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà, àwọn ọmọ Gbádérọ̀ sì di onílé tí ń gbé Bódìjà. Ṣùgbọ́n kòtò gígùn kan wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì náà tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí. Yàrà Gbádérọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ní bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, láti fi ṣe ìrántí ìṣẹ́gun rẹ̀. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Iléyá, ìdílé á péjọ síbẹ̀, ọmọ ilé kan á fẹṣin fò ó, olórí ẹbí á sì ki oríkì.

Lọ́dún tó kọjá, Zùwáírátù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà, ló kàn. Apòògùn ni ní Bódìjà, ọmọbìnrin tí kì í gba ìwọ̀sí, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò gun ẹṣin fún ilé náà. Ká má parọ́, kò fò ó. Ẹṣin ìdílé tó gùn, Ìràwọ̀, sáré débi yàrà, ó dúró gbọnin. Ẹṣin dúró, Zùwáírátù ò dúró. Orí ló fi lọ sínú ẹrẹ̀, egungun èjìká rẹ̀ sì kán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti yà á sínú fóònù, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, àwọn ará Apẹ̀tẹ̀ ti ń fi í rẹ́rìn-ín.

Èjìká jinná. Ara yá, ọkàn ò yá. Ó padà sí pápá tí wọ́n ti ń gun ẹṣin lọ́nà Onírèké, ó sì ń gùn ún dáadáa níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan ò bá sí níwájú. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí igi tí wọ́n gbé dábùú, ọwọ́ rẹ̀ á fa ìjánu fúnra rẹ̀. Ìràwọ̀ á dúró. Ó bínú sí ẹṣin náà títí tí Theophilus tó ń kọ́ ọ fi sọ ojú abẹ níkòó.

"Madam, ẹ má bú ẹṣin mọ́. Ọwọ́ yín ló ń sọ fún un pé kó dúró."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun, nítorí pé òótọ́ ni.

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, Alhaji Abdulmojeed, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, pè é sí pálọ̀ rẹ̀. Suhail, ọmọ Alhaji, jókòó síbẹ̀, ojú ń tì í.

"Suhail ló máa gun Ìràwọ̀ lọ́dún yìí," ni Alhaji wí. "Ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà lẹṣin ọ̀hún máa wà láti ọjọ́ náà lọ. O ti gbìyànjú, a dúpẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin."

"Bàbá, ọkùnrin náà máa ń ṣubú."

"Kò sẹ́ni tó ṣubú sínú yàrà yẹn rí nínú ilé yìí. Bàbá wa ò ṣubú. Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe é."

Zùwáírátù kúnlẹ̀, ó dìde, ó kọjá sí yàrá Ìyá Àgbà Sàídátù, ìyá tó bí Alhaji tó sì bí bàbá òun náà. Ìyá ń fi tẹ̀sùbáà ṣe àsíkìrì lórí ẹní. Bó ṣe rí i, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ọmọ afẹṣin-fo-yàrà..."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ń tì mí lójú."

"Ìdajì ló ń tì ọ́ lójú, Àyọ̀ká. Wọn ò ki ìyókù fún ọ rí."

Zùwáírátù jókòó tì í lórí ẹní.

"Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó níbí," ni Ìyá Àgbà wí, "ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi lóríkì ilé. Ìyàwó tí ò bá mọ oríkì ọkọ, iṣẹ́ ò níí tán lọ́wọ́ ẹ̀. Odindi ló kọ́ mi. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin ilé yìí bẹ̀rẹ̀ sí í du oyè. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ki ibi tí bàbá ti yí nínú ẹrẹ̀ níwájú àlejò, kí wọ́n má baà fi bú wọn. Bí a ṣe gé e kúrò nìyẹn. Àwọn ọmọ wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà."

"Bàbá ṣubú?"

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni? Ó ṣubú lójú gbogbo ogun, ó tún lọ, ó tún ṣubú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ní Olókìtì Ẹrẹ̀. Ó wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Balógun, ó padà wá sóko bàbá ẹ̀ ní Agbowó, ó gbẹ́ yàrà kékeré kan tí kò fẹ̀ ju ẹní tí mo jókòó lé yìí lọ. Ìgbà tẹ́ṣin ń fo ìyẹn láìdúró ló tó fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń fò ó, títí ó fi fẹ̀ tó ti ojú ogun, ló bá padà lọ bá wọn. Kì í ṣe ìrántí ìṣẹ́gun ló wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn. Ibi tó ti wá ọkàn ẹ̀ padà ni."

Ó wá ki ìyókù fún un. Zùwáírátù tún un kì títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń fi bàbá tí kò ṣubú na ọmọ tó ṣubú nílé yìí!

Ní Onírèké, ó ní kí Theophilus kó gbogbo igi tó dábùú kúrò. Ó kó ọparun méjì wá, ó tẹ́ wọn sílẹ̀, àlàfo wọn ò ju ẹní kan lọ.

"Madam, ọmọ ewúrẹ́ á fo eléyìí."

"Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ dúró ná. Èmi ló kàn."

Ó di irun ọrùn Ìràwọ̀ mú, kí ọwọ́ má baà ráyè fa ìjánu. Wọ́n kọjá. Nígbà tí ìyẹn di ohun yẹpẹrẹ, ó sún àwọn ọparun jìnnà síra, ó tún sún wọn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rù padà dé tó sì ní láti dá wọn padà sí ìwọ̀n ẹní. Kò tijú. Gbádérọ̀ náà ò kúkú fi wákàtí kan gbẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, ilé pé sí Agbowó. Òjò ti rọ̀, omi dúró sí ìsàlẹ̀ yàrà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti to fóònù sórí báńkóní bíi ti èṣí. Suhail wọ bàtà tuntun, ó ń wá ẹṣin tí yóò gùn. Zùwáírátù ló wà lórí rẹ̀, ó dé akoto lé híjáàbù rẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀, Zùwáírátù," ni Alhaji wí.

"Bàbá, mo fi orí balẹ̀ fún yín. Mi ò níí sọ̀."

Ó yí ẹṣin padà kí Alhaji tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìràwọ̀ sáré, ó débi yàrà, kò dúró, ó fò. Àmọ́ ilẹ̀ òdìkejì ti rọ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, ló bá já Zùwáírátù sílẹ̀. Inú yàrà náà ló tún bọ́ sí. Ẹ̀rín bú jáde lókè.

"Ó tó," ni Alhaji wí, kò sì kígbe. "Ẹ fà á jáde."

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ yàrà jáde. Ẹrẹ̀ bò ó láti akoto dé ìgbáròkó. Suhail ló lọ mú Ìràwọ̀ wá, ó sì tẹ̀ ba kí Zùwáírátù lè fẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ rẹ̀ gun ẹṣin.

"Máa lọ, àǹtí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó padà sẹ́yìn, ó wo yàrà náà tààrà, ó di irun ọrùn ẹṣin mú, ó di eré. Ìràwọ̀ gbéra. Nígbà tó balẹ̀ sí òdìkejì, Zùwáírátù ṣì wà lórí gàárì, gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lókè sì ti ń pàtẹ́wọ́.

Àṣà ni àṣà, Alhaji ò lè sá fún un. Ó bọ́ síwájú, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì:

"Ọmọ Gbádérọ̀, ọmọ afẹṣin-fo-yàrà. Yàrà tó dá ogun dúró kò dá bàbá yín dúró. Ó fò ó tán..."

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Zùwáírátù wí láti orí ẹṣin. "Ó kù."

Zùwáírátù gbóhùn sókè kí ará òkè báńkóní náà lè gbọ́:

"Yàrà gbé e mì, yàrà bì í.
Ó tún lọ, ẹrẹ̀ dé e ládé.
Ó gbẹ́ kékeré nílé kó tó fo ńlá lójú ogun.
Ẹni tó rí i nílẹ̀ ló rí i lókè!"

Ìyá Àgbà ti ń bá a gbè é látorí àga tí wọ́n gbé e jókòó sí. Alhaji wo ìyá rẹ̀, ó wo yàrà, ó wá wo ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jókòó tòun tẹrẹ̀ lórí ẹṣin.

"Tún un kì," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀, kí n lè kọ́ ọ."

Ẹnì kan na aṣọ ìnujú sí Zùwáírátù pé kó fi nu orí. Kò gbà á. Ó tún oríkì náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè.