Ọjọ́ Márùn-ún Tí Oyètúndé Fi Dákẹ́

Kí Oyètúndé tó rí ojú Asiata, ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ìgbà òjò ọdún 1962 ni. Oyètúndé tẹ orí ba ìwé níbi fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà, ó ń kọ iye àpò iṣu tó ń lọ sí Èkó, nígbà tí ẹnìkan béèrè àsìkò tí ọkọ̀ Ìbàdàn yóò dé. Ó fèsì láìgbójú sókè.

"Ṣé ìwé tó wà níwájú yín yẹn ló bi yín léèrè ni, àbí èmi?"

Oyètúndé gbójú sókè. Ọmọbìnrin kan ló dúró níbẹ̀ nínú aṣọ funfun àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní dìsìpẹ́ńsárì, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Oyètúndé wí. "Kí lẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀?"

"Àsìkò ọkọ̀ Ìbàdàn."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń dáhùn ìbéèrè yìí lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ náà, ó ní láti dìde lọ wo ìwé àsìkò ọkọ̀ tó wà lára ògiri kó tó rántí.

Kò pẹ́ tó fi mọ orúkọ rẹ̀, tó sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà dìsìpẹ́ńsárì ni yóò gbà lọ, wọn a sì jọ rìn títí dé ìtòsí agbo ilé bàbá Asiata. Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é, Àbẹ̀kẹ́. Asiata sì ń pè é ní Bọ̀dá Oyè. Ìfẹ́ wọn kò ní ariwo, ṣùgbọ́n ó ti ràn wọ́n dé egungun.

Alhaji Àjàní, bàbá Asiata, jẹ́ àgbà bíríkìlà. Ó jókòó ti Oyètúndé lọ́jọ́ kan, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ.

"Ojú mi kò fọ́, mo mọ̀ pé ọmọ gidi ni ọ́," ni Alhaji wí. "Ṣùgbọ́n ilé ọdẹ n'Íjàgbò lo ti wá, ilé ìwé ìjọ lo lọ. Ẹni tí yóò máa jí ọmọ mi fún ìrun àsùbáà ni mo ń wá. Ọ̀rẹ́ mi kan n'Ílọrin ní ọmọkùnrin tó ń ta pákó, Kamaldeen lorúkọ rẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀."

Oyètúndé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fi ìbànújẹ́ lọ sílé.

Asiata ni kò gbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun. Roseline, ọ̀gá rẹ̀ ní dìsìpẹ́ńsárì, bá a kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn kan n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbà á. Inú Alhaji dùn débi pé ó fi lẹ́tà náà han gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Asiata lo àǹfààní ayọ̀ yẹn.

"Bàbá, bí mo bá kọ́ṣẹ́ náà yege, tí mo sì padà wálé, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi yan ọkọ."

Alhaji ro ó títí. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ìrìnàjò yìí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ Kamaldeen kò yẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Báyìí ni pásípọ́ọ̀tù ṣe di ohun tí ìgbéyàwó wọn rọ̀ mọ́. Oṣù kẹta ọdún 1964 ni Asiata fi ìwé ránṣẹ́ sí Èkó. Ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e ń ṣí ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Nígbà tí oṣù karùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, èsì dé: ìwé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́, kó gba òǹtẹ̀ sí i kó sì mú un wá fúnra rẹ̀.

Ọjọ́rú ni Asiata gba òǹtẹ̀ náà. Lọ́jọ́rú yẹn kan náà, lẹ́tà kan tẹ Oyètúndé lọ́wọ́ láti Èkó. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ibùdókọ̀ Ọ̀fà. Ó ti pẹ́ tí ariwo ìyanṣẹ́lódì ti ń lọ lórílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́. Lẹ́tà náà ló dá ọjọ́: ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, gbogbo iṣẹ́ yóò dúró, ti ojú irin, ti ọ́fíìsì ìjọba, gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀fà sì ti búra pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ mọ ọjọ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí àwọn ọ̀gá má bàa wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ wọn ṣe.

Oyètúndé gba ìyanṣẹ́lódì náà gbọ́ tọkàntọkàn. Ó mọ Fámákinwá, tó ń fi òòlù tún ojú irin ṣe nínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, tí ọmọ rẹ̀ méjì ti kúrò nílé ìwé torí owó oṣù kò ká a. Irú wọn pọ̀. Kò ní dalẹ̀ irú wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Asiata wá bá a, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo ti gba òǹtẹ̀. Ọ̀la ni mo fẹ́ wọ ọkọ̀, àmọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Màmá ní ta ni yóò bá àwọn dáná bí mo bá lọ. Bọ̀dá Oyè, ṣé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ti pẹ́ jù?"

Oyètúndé rántí ìbúra wọn.

"Bó o bá lè lọ lọ́la, lọ."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ Èkó ni, ó máa ń gba àkókò."

"Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọjọ́ mélòó kan kò lè pa mí lára." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbọn eruku èjìká rẹ̀ dànù fún un. "Ẹ̀yin náà ẹ kàn ń bẹ̀rù bí ìyá arúgbó."

Oyètúndé bá a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ Èkó dé, ó sì lọ. Òmíràn lọ lọ́jọ́ Ẹtì, òmíràn lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣí sínú ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀fà kò gbúròó ọkọ̀ ojú irin kankan. Asiata ń yí ọbẹ̀ nílé ìsọmọlórúkọ nígbà tó gbọ́. Ó sáré dé ibùdókọ̀, òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀. Ó bá Oyètúndé láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Oyètúndé kò lè wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n Asiata rò pé àárẹ̀ ni.

"Ọlọ́run á tì yín lẹ́yìn," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má da ara yín láàmú nítorí mi. Màá wọ lọ́rì."

Ó wọ lọ́rì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n títì ni ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù wà nígbà tó débẹ̀. Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti ilé ìbátan wọn tó dé sí. Àwọn èrò kan náà ló ń bá lẹ́nu géètì: akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìyá ọlọ́mọ méjì tí ọkọ rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní Liverpool, bàbá kan tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Wọn a jókòó sórí àpótí, wọn a máa wo àgádágodo. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ìwé tó wà nílẹ̀ ga dé ìbàdí akọ̀wé tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Akọ̀wé náà kò kanra mọ́ wọn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọkọ̀ ojú omi ṣí lọ́jọ́rú, láìsí Asiata nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn kọ̀wé pé àwọn ti fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀, kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí Asiata padà sí Ọ̀fà, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń yọ̀ pé ìjọba ti gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ti gbé Oyètúndé sórí èjìká yí ibùdókọ̀ ká. Òun ló lọ bá Asiata lẹ́yìn dìsìpẹ́ńsárì, níbi tó ti ń sá báńdéèjì sóòrùn.

"Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa dúró," ló wí. "Láti ọjọ́rú yẹn ni mo ti mọ̀."

Kò kọ́kọ́ yé Asiata. "Ọjọ́rú tí mo wá bá yín?"

"A ti búra. Mi ò lè..."

Asiata ká báńdéèjì kan pọ̀, ó tún tú u, ó tún ká a.

"Bọ̀dá Oyè, mi ò bá ìyanṣẹ́lódì jà," ló wí. "Mo rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lójú irin yẹn, ebi ń pa wọ́n. Bí ẹ bá sọ fún mi, ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún? Mo béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ló dé. Ẹ ní kò sí nǹkan. Ẹ wá fi mí sílẹ̀ kí n máa gé àlùbọ́sà nílé ìsọmọlórúkọ."

"Mo jẹ̀bi."

"Bí ẹ bá kàn rò pé mi ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kò mọ̀ mí. Bí ẹ bá mọ̀ pé mo lè pa á mọ́, tí ẹ ò sì sọ, ìyẹn ló burú jù."

Oyètúndé kó àwọn ẹbí rẹ̀ láti Ìjàgbò, ìyá rẹ̀ àti Ògúnbọ̀wálé àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n lọ bẹ Alhaji Àjàní. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn. Alhaji gbọ́ wọn tán.

"Àdéhùn ni àdéhùn," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹkún tí ọmọ yìí ń sun láti ọjọ́ tó ti dé kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ pè é wá. Bó bá ní Oyètúndé lòun ṣì fẹ́, màá lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi n'Ílọrin."

Ìrètí Oyètúndé sọjí. Kò retí irú àánú bẹ́ẹ̀.

Asiata wọlé, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ó wo Oyètúndé, kò sì sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jẹ́ kó rí bí ẹ ṣe kọ́kọ́ wí."

Ìyá Oyètúndé fa ìborùn bojú. Ògúnbọ̀wálé di Oyètúndé lápá mú, wọ́n sì jáde.

Wọ́n gbé Asiata lọ sí Ìlọrin nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Kamaldeen, ó sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ ní ilé ìwòsàn. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ti dé láti oṣù kẹjọ, ó mú un dání lọ sílé ọkọ. Oyètúndé ní kí wọ́n gbé òun kúrò l'Ọ́fà, wọ́n sì gbé e lọ sí Mìnnà.

Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Caroline, tíṣà. Ìgbé ayé wọn dára. Ohun kan ṣoṣo tí Caroline fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ dúró. Bó bá gbọ́ ohunkóhun tó lè kan ẹnìkan, ì báà ṣe ní àárín oúnjẹ, yóò dìde, yóò gbé kẹ̀kẹ́, yóò lọ sọ fún onítọ̀hún. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Mìnnà kò tilẹ̀ jẹ́ fi í ṣe akọ̀wé.

"Kí ló ṣe ọ́ tó ò lè pa ọ̀rọ̀ kan mọ́ nínú?" Caroline bi í lọ́jọ́ kan.

Oyètúndé ní bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ mọ̀, àfi ọ̀rọ̀ Asiata.